Ogún ọjọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ríra orúkọ ẹlòmíì láti fi ṣòwò. Ẹnì kan á dé láti Lomé, tàbí láti Cotonou, tàbí láti Èkó pàápàá. Á ní ilé iṣẹ́ òun ti lórúkọ. Á ní kí o mú owó wá, kí o kun ṣọ́ọ̀bù rẹ ní ọ̀dà tiwọn, kí o gbé pátákó wọn kọ́, kí o máa ta ọjà wọn bí àwọn náà ṣe ń tà á. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní franchise. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ríra orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé. Ríra orúkọ kò burú. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní owó náà gbọ́dọ̀ wọlé lónìí tàbí lọ́la, ẹ má san án fún un. Ogún ọjọ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ fi wádìí. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ogún. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Lomé nìkan ni. Ohun tó jọ ọ́ ti wà láàárín wa tipẹ́. Fèrè àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ FanMilk, ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ní Gáná ni ilé iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960 kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà ń gba ọjà, ó ń tà á, èrè tirẹ̀ sì wà lórí ohun tó bá tà. Ẹ tún wo àwọn tó jókòó sí kíọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lórí pátákó, ìdá díẹ̀ ló sì ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Bí ẹ bá mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tòní.

Orúkọ tó dáa máa ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́. Oníbàárà ti mọ̀ ọ́n kí o tó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọjà kan náà, adùn kan náà, iye kan náà. Ẹni tí kò ṣòwò rí lè tibẹ̀ mọ òwò. Èmi kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ rárá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, orúkọ tí o sanwó fún kò di tìrẹ. Àyálò ni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. Ní ọdún 2021, Moov di Moov Africa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Togocom di Yas, T-Money náà sì di Mixx. Mi ò sọ pé wọ́n ṣe ohun tí kò dáa, nítorí ẹni tó ni ilé ló ni ọ̀dà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni orúkọ lè yí i padà lọ́jọ́ tó bá wù ú, ẹni tó gbé pátákó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì kò sì lè ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, béèrè ṣáájú: lọ́jọ́ tí orúkọ bá yí padà, ta ni yóò san owó ọ̀dà?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ra orúkọ gan-an. Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ UAC ṣí ilé oúnjẹ Mr Bigg's àkọ́kọ́ ní Marina, ní Èkó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta orúkọ náà fún àwọn oníṣòwò káàkiri ìlú, títí ilé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn fi ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá mú lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi ròyìn. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé oúnjẹ míì dé, irú bíi Tantalizers àti Chicken Republic. Iná mànàmáná kò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ ń gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn ló ti kógbá sílé. Ní ọdún 2013, Famous Brands ti South Africa ra ìdá 49 nínú 100 ilé iṣẹ́ oúnjẹ UAC náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ni orúkọ rí ẹni tó bá a ra apá kan. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe sí ìlú kékeré nítorí orúkọ náà ńkọ́? Bí ọjà bá kú, gbèsè ilé àti ti jẹnẹrétọ̀, ọrùn ẹni náà ló wà.

Ó yá, ogún ọjọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kan wà láti oṣù kejìlá ọdún 1989. Òfin náà sọ pé ẹni tó fẹ́ ta orúkọ òwò rẹ̀ fún ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọ ní ìwé tó sọ òtítọ́ nípa ilé iṣẹ́ náà: ọdún tó ti dé lórí iṣẹ́, àwọn mélòó ló ń lo orúkọ náà, àwọn mélòó ló ti kúrò. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ fún ogún ọjọ́ ó kéré tán kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun tàbí kí o tó san owó. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni tiwọn. Àwa ńkọ́? Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú OHADA, Tógò sì wà níbẹ̀. Òfin òwò kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò. Àmọ́ òfin yẹn kò ní orí kan tó dá lórí ríra orúkọ. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n fún ọ ní ogún ọjọ́. Ohun tí òfin kò fún wa, ẹ jẹ́ ká fún ara wa. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kí la máa fi ogún ọjọ́ ṣe?

Àkọ́kọ́, ká mọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣòwò ní Tógò ní láti ní nọ́ńbà RCCM, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò, àti nọ́ńbà owó orí láti ọ̀dọ̀ OTR. Ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má tẹ́wọ́ gba èyí tí wọ́n fi hàn yín lórí tẹlifóònù kí ẹ wá fi síbẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lomé, ẹ ní kó dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kó béèrè bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ ti orúkọ náà lóòótọ́. Orúkọ ọjà fúnra rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. OAPI ni, Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni oríko rẹ̀ wà, INPIT sì ni aṣojú rẹ̀ ní Lomé. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń forúkọ ọjà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe. Bí ẹni tó ń ta orúkọ fún ọ kò bá ní in lórúkọ ara rẹ̀, tí kò sì ní ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ló ń tà?

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ká lọ bá àwọn tó ti rà á. Aṣojú ilé iṣẹ́ yóò fún yín ní orúkọ ẹni méjì tó ń jèrè. Ẹ lọ bá wọn, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ti ṣíwọ́. Àwọn lẹ ó ti gbọ́ ohun tí aṣojú kò ní sọ. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Sokodé, ẹ lọ sí Notsé, ibi tí pátákó náà bá ti wà tàbí tó ti wà rí. Owó ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún mélòó kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ńlá. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí: «Ìyá, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní ẹ ti gbé pátákó báyìí rí. Èmi náà fẹ́ gbé e, mo wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín ni.» Kò sí ìyá tí yóò lé ọmọ tó bá béèrè báyìí. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Oṣù mélòó ló kọjá kí owó yín tó padà wọlé? Ṣé ọjà máa ń dé lásìkò, àbí ó máa ń tán lórí àtẹ yín? Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kúrò, báwo ni wọ́n ṣe ṣe yín? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ fi ọjọ́ méjì jókòó sí òdìkejì ibi ìtajà kan tó ń lo orúkọ náà. Ẹ ka iye ènìyàn tó wọlé, ẹ ka iye tó jáde pẹ̀lú ọjà lọ́wọ́. Ẹ yan ọjọ́ ọjà kan àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ojú kì í parọ́ bí ẹnu.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ká ní wọ́n ní kí o san 600.000 fáráǹkì fún orúkọ, 900.000 fún firíìjì àti kíọ́ọ̀sì, 300.000 fún ọjà àkọ́kọ́. Ó di 1.800.000. Aṣojú ní wàá máa ta ọjà 20.000 lójúmọ́. Nínú ọjọ́ 26 lóṣù, ìyẹn jẹ́ 520.000. Owó yìí dùn ún gbọ́! Àmọ́ bí èrè orí ọjà bá jẹ́ 15 nínú 100, 78.000 péré ló wọlé. Wàá san 15.000 fún ilẹ̀ tí kíọ́ọ̀sì wà, 20.000 fún iná CEET, 20.000 fún ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá láti Lomé. Ó di 55.000. Ó ṣẹ́ ku 23.000. Kí o tó rẹ́rìn-ín, ka ìwé àdéhùn dáadáa. Wọ́n ní lóṣooṣù, wàá san 5 nínú 100 fún ẹni tó ni orúkọ. Marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kí ni? Bó bá jẹ́ ti èrè, kò tó 4.000. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ohun tí o tà, 26.000 ni. Ó ti tán! O ta ọjà 520.000, o sì tún jẹ gbèsè 3.000. O kò tíì san owó fún ara rẹ. O kò tíì gba òṣìṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Tógò jẹ́ 52.500. O kò tíì yọ fáráǹkì kan padà nínú 1.800.000 tí o kó sílẹ̀. Iye tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí, èmi ni mo fi sí i; ẹ fi iye tiyín sí i. Àmọ́ ẹ má gbàgbé ìbéèrè yẹn: lórí èrè ni, àbí lórí gbogbo títà?

Ẹ̀kẹrin ni ìwé àdéhùn. Faransé ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Bí o kò bá gbọ́ Faransé dáadáa, ìyẹn kì í ṣe ìtìjú. Ìtìjú ni kéèyàn tẹ ìka sí ohun tí kò mọ̀. Gbé ìwé náà wálé. Wá olùkọ́, tàbí akọ̀wé, tàbí ọmọ tó lọ sí yunifásítì, kó kà á fún ọ lédè wa, láti òkè dé ìsàlẹ̀, níwájú ẹni méjì. Bí owó bá pọ̀, san owó fún nótárì tàbí lọ́yà kó wò ó. Ẹ wá àwọn ibi wọ̀nyí nínú rẹ̀: ọdún mélòó ni àdéhùn náà, ṣé wọ́n lè fún ẹlòmíì ní orúkọ kan náà ní Atakpamé kan náà, ṣé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni o ti gbọ́dọ̀ ra ọjà, iye tó wù kí wọ́n tà á, bí àárẹ̀ bá mú ọ tàbí bí o bá kú, ṣé ọmọ rẹ lè gbà á, ilé ẹjọ́ ìlú wo ni ẹ máa lọ bí ìjà bá dé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni, mọ̀ pé owó ọkọ̀ rẹ nìkan lè ju ohun tí o ń jà sí lọ. Bí aṣojú bá ní o kò lè gbé ìwé náà wálé, ìdáhùn rẹ ti dé nìyẹn.

Ó ku ohun kan tó ń fi aṣọ ríra orúkọ bora, tí kì í ṣe ríra orúkọ. Èyí tí ń ta ọjà ní oníbàárà tó ń ra ọjà. Èkejì kò ní oníbàárà, àwọn tó ń wọlé ló ń jẹ lára àwọn tó ń wọlé. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé èrè rẹ yóò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí o bá mú wá jáde, tí kì í ṣe láti inú ohun tí o tà, dìde, kí wọn, máa lọ. A ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní Benin, ICC Services ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ń ṣèlérí èlé tí ilẹ̀ kò lè hù. Ní ọdún 2010 ó wó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló pàdánù owó, wọ́n sì yọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nípò nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ CRIET tó dá ẹjọ́ àwọn olórí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án! Ní Nàìjíríà, MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọdún Kérésì ku díẹ̀. Àwọn tó kó sí i kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ti rí owó gbà, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ ẹni tó rí owó gbà lóṣù àkọ́kọ́ kò tíì mọ ibi tí owó náà ti wá.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlera la máa ń sọ lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Bí orúkọ tí wọ́n ń tà fún yín bá jẹ́ ti oògùn tàbí ti lúlú tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ìbà pọ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba fi gbà pé kí wọ́n tà á ní Tógò. Bí kò bá sí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lábúlé wa, ẹni tó bá ta oògùn fún ìyá Sénáà ni gbogbo ilé yóò wá bá lọ́jọ́ tí ara ìyá náà kò bá yá. Wọn kò ní lọ bá ilé iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Orúkọ wọn lo yá, orúkọ rẹ ló máa bàjẹ́.

Ẹlòmíì á ní: «Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dúró fún ogún ọjọ́, ẹlòmíì á gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.» Ó lè ṣẹlẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ òwò tó dáa lónìí yóò ṣì dáa lẹ́yìn ogún ọjọ́. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pẹ́ ní Atakpamé yóò fẹ́ ẹni tó ń ro nǹkan kó tó ṣe é, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kì í ba orúkọ jẹ́. Èyí tó ń lé ọ kiri pé ààyè kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀rù ohun tí o máa rí ló ń bà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn kan ẹ̀yin obìnrin tó ń dá àjọ, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alágbàṣe oko ẹ̀wà sóyà àti òwú. Owó àjọ kì í ṣe owó ẹnì kan. Kí alága má ṣe dá nìkan fọwọ́ sí i. Ẹ yan ẹni mẹ́ta: ọ̀kan kó lọ wádìí ìwé, ọ̀kan kó lọ bá àwọn tó ti ṣíwọ́, ọ̀kan kó ṣe ìṣirò. Kí wọ́n wá jíṣẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ní ohun tí òun rí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ gbọ́ tirẹ̀ dé ìparí kí ẹ tó dìbò.

Fún àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jíròrò àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí a tó tún pàdé. Ta ni nínú yín tó mọ ẹnì kan tó ti gbé pátákó ilé iṣẹ́ kan tó sì ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí ló sọ? Nínú ìletò yín, ta ló lè ka ìwé àdéhùn Faransé fún ẹlòmíì láìgba owó? Bí wọ́n bá mú orúkọ kan wá fún ẹgbẹ́ yín lọ́la, àwọn ẹni mẹ́ta wo lẹ máa rán?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú un wá fún wa. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Ọjà á tà o, owó á sì dúró.